Abẹ́rẹ́ Tí Wọ́n Pè Ní Èèwọ̀ Ilé Wa

Ọkọ mi ṣì ń jẹ oúnjẹ mi, àmọ́ kì í bá mi sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Yóò jókòó, yóò fọwọ́, yóò jẹun tán, yóò sì dìde bí ẹni tó jẹun nílé olóńjẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àlájà, ti sọ fún tẹbí tará pé mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ pa ọmọ àwọn. Ọmọ àwọn! Èmi tí mo lóyún rẹ̀, tí mo rọbí rẹ̀, tí mo pọ̀n ọ́n, mo ti wá di àlejò lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ lórí ẹní. Mi ò wá sunkún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ohun tí mo sì rí ló jẹ́ kí n nu ojú mi nù. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo ṣe ohun kan lẹ́yìn àwọn àna mi. Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Bí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe lọ́la, màá tún un ṣe.

Aránṣọ ni mí ní Agbowó, aṣọ àwọn ọmọ iléèwé ni mo sì ń rán jù. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ẹni tó lè fi mí síbi iṣẹ́, ni mo bá ń wá aṣọ tó ti gbó, mo ń tú u láti ojú rírán rẹ̀, mo ń wo bí ẹni tó rán an ṣe tò ó, mo sì ń tún un rán padà. Bí mo ṣe kọ́ ìwé kíkà náà nìyẹn, lára páálí ọṣẹ àti bébà tí wọ́n fi ń wé àkàrà. Ó ti wá mọ́ mi lára. Bí ẹnìkan bá sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi, mo máa ń fẹ́ mọ ibi tí òwú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àna mi ń pe ìwà yìí ní àfojúdi.

Nígbà tí mo wọ ilé ọkọ, wọ́n ka èèwọ̀ ilé fún mi. Ìyàwó wo ni wọn kì í kà á fún? A kì í jẹ òkété nílé yìí. A kì í súfèé nínú yàrá. A kì í gbálẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Onímàle ni wọ́n o, àmọ́ ilé ńlá ni, ilé onílẹ̀, ohun tí àwọn bàbá bá sì ti fi lélẹ̀, kò sí ẹni tó ń bi í ní ìdí. Àlájà wá fi èyí tó kẹ́yìn kún un. Ó ní, “Ìyàwó, pẹnisílíìnì, èèwọ̀ wa ni o. Abẹ́rẹ́ rẹ̀, kápúsù rẹ̀, gbogbo ohun tó bá bá a tan. Ara wa ò gbà á. Díẹ̀ ló kù kó pa bàbá wa.” Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Mo ti gbọ́, mà.”

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àìsàn kan ṣe bàbá ọkọ mi nígbà ayé wọn, wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó máa ń gún ni lábẹ́rẹ́ káàkiri ojúlé, pẹnisílíìnì ló sì gbé wá. Bí Bàbá ṣe gbà á báyìí, wọ́n ṣubú lulẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bẹ́. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni eéwo mú ọkọ mi, tó ṣì wà ní kékeré, wọ́n fún un ní kápúsù tó jẹ́ ẹbí rẹ̀, inú rẹ̀ sì ṣàn títí. Ọ̀rọ̀ bá di òfin. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá dé ọsibítù, tí nọ́ọ̀sì sì bi í pé, “Ṣé òògùn kan wà tí ara yín kì í gbà?”, pẹnisílíìnì la máa kọ́kọ́ dárúkọ. Àwa ìyàwó pàápàá ń sọ ọ́. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ̀jẹ̀ kankan ò pa òun àti Bàbá pọ̀, òun náà á fọwọ́ sọ́yà, á ní ara òun ò gbà á. Èmi náà ń sọ ọ́. Ta ni yóò fẹ́ jẹ́ ìyàwó tó da èèwọ̀ ilé?

Àbẹ̀kẹ́ ni àbíkẹ́yìn mi. Iléèwé girama kan ní Bódìjà ló ń lọ. Láti ìgbà tó ti wà ní kékeré ni ọ̀nà ọ̀fun ti máa ń dùn ún, tí ibà á sì bá a wá. Bí mo bá mú un lọ sí kẹ́míìsì, tí wọ́n bá na ọwọ́ sí kápúsù, màá ní rárá o, èèwọ̀ bàbá rẹ̀ ni. Omi iyọ̀ la fi ń fọ ẹnu rẹ̀, oyin la fi ń rẹ̀ ẹ́ ní ọ̀fun, á sì lọ. A rò pé ó lọ ni. Lọ́jọ́ kan orúnkún rẹ̀ wú. Nígbà tí ìyẹn fi máa rọlẹ̀, ó ti bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀, ó tún gba ọrùn ọwọ́ lọ. Àlájà ní làkúrègbé ni, ó fi òrí àti àgbo ránṣẹ́. Làkúrègbé lára ọmọ tó ń fo okùn lánàá! Lẹ́yìn náà ni kò lè gun àtẹ̀gùn iléèwé wọn mọ́ kó má jókòó sí àárín rẹ̀, tí á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó sáré nínú oòrùn.

Mo gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Ring Road. Dókítà obìnrin kan ló yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ọkàn ní ilẹ̀kùn, tó ń ṣí, tó ń tì, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní àìsàn ọ̀fun tí a kò pa dáadáa ló lọ ba ilẹ̀kùn kan jẹ́ nínú ọkàn ọmọ mi, kò sì tì dé ojú àmì mọ́. Bí àìsàn ọ̀fun yẹn bá tún padà wá, ilẹ̀kùn náà á tún bàjẹ́ sí i. Ohun tó lè dáàbò bo ọmọ náà jù lọ ni kí ó máa gba abẹ́rẹ́ kan lóṣooṣù, fún ọdún púpọ̀. Mo ní abẹ́rẹ́ wo nìyẹn, mà. Ó ní pẹnisílíìnì ni.

Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ilé ọkọ mi sì jáde níbẹ̀.

Wọ́n wá kọ òògùn oníhóró fún un dípò rẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Òògùn náà ń run ún nínú, ó ń mú un bì. Àlájà gbọ́, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, “Ẹ ò rí i? Èyí náà di èèwọ̀ nìyẹn.” Bí èèwọ̀ ṣe ń bí èèwọ̀ nìyẹn nílé wa, àfi bíi pé omi lásán ló máa ṣẹ́ kù tí ara ìdílé yìí á máa gbà. Ọmọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó bá ń fi òògùn pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀fun náà sì padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò lè dùbúlẹ̀ kó mí, ìjókòó ló fi ń sùn. Nígbà tí a padà dé ọsibítù, dókítà yẹn fa àga, ó jókòó síwájú mi.

“Màmá Àbẹ̀kẹ́, nígbà tó lo pẹnisílíìnì, kí ló ṣe é?”

“Kò lò ó rí, mà.”

“Ta ló wá lò ó?”

“Bàbá àgbà rẹ̀ ni. Wọ́n ní wọ́n ṣubú.”

“Ojú wọn wú? Ètè wọn wú? Ara wọn lé wúlewùle? Èémí wọn há?”

“Mi ò mọ̀, mà. Mi ò tíì wọ ilé wọn nígbà náà.”

“Ta ló rí wọn?”

Ó wá là mí lóye. Ó ní bí òògùn ṣe ń pa kòkòrò burúkú, ó máa ń pa èyí tó dáa tó ń gbé inú ìfun náà, ìdí nìyẹn tí inú fi ń ṣàn bó ṣe ṣàn fún ọkọ mi. Ó ní kí inú rú, kí èébì gbé ni, kí orí fọ́ni, ìyọnu tí òògùn máa ń bá wá nìyẹn, ó yàtọ̀ sí kí ara kọ òògùn. Bí ara bá kọ òògùn, awọ á lé wúlewùle, ojú àti ètè á wú, ọ̀fun á há, èémí lè gé. Ẹni tí irú ìyẹn bá ṣe, kò gbọdọ̀ fẹnu kan òògùn yẹn mọ́, àyàfi tí dókítà bá ní ó yá. Ìyẹn yé mi, nítorí ọ̀rẹ́ mi kan ní Agbowó lo òògùn ibà kan, awọ ara rẹ̀ sì bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Mo mọ ohun tí ojú wa rí. Dókítà ní, “Àmọ́ kí ara kọ òògùn, kì í ṣe ilẹ̀ tí bàbá àgbà ń fi sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ, màmá. Ẹ lọ bá mi wá ẹni tó rí i.”

Ẹni kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù ni Ìyá Kékeré, ìyàwó tí Bàbá fẹ́ kẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń gbé ní Apẹ̀tẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta gààrí àti súgà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo gun ọ̀kadà lọ bá a. Ó ń bó ẹ̀gúsí lójú ọ̀nà. Mo kí i, mo jókòó, mo bá a bó díẹ̀, kí n tó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ Bàbá. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Ta ló rán ẹ?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi, Ìyá. Ọkàn Àbẹ̀kẹ́ ló rán mi.”

Ó wo inú ilé, ó wo ìta. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín ní èjìká kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó, abẹ́rẹ́ yẹn ò wọlé.”

“Abẹ́rẹ́ èwo, Ìyá?”

“Ti bàbá ọkọ ẹ. Kò wọlé, kò kàn wọ́n lára. Ọkùnrin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á ni, ó gbé e sókè, ó ń tẹ omi rẹ̀ tú síta díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Bí Bàbá ṣe rí ṣóńṣó yẹn, ojú wọn yí, wọ́n bá lulẹ̀ gbì. Èmi ni mo di orí wọn mú.”

“Ẹ wá ní òògùn ni?”

“Kí lo fẹ́ ká sọ? Ẹni tó ń dá ẹjọ́ ilẹ̀ fún gbogbo àdúgbò, tí àwọn ọmọ ìta ń gba ẹ̀yìnkùlé sá fún, ká ní ó rí abẹ́rẹ́ ó dákú? Àwọn fúnra wọn ló jí tí wọ́n ní òògùn yìí mà le o, ara àwọn ò gbà á. Àwa ìyàwó ní bẹ́ẹ̀ ni. Alábẹ́rẹ́ náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń wá bó ṣe máa jáde.” Ó nu omijé ẹ̀rín. Nígbà tó nu ún tán, ojú rẹ̀ yí padà. “Má ní èmi ni mo sọ ọ́ o. Ilé yẹn ni wọ́n máa sin mí sí. Bá mi jẹ́ ẹ̀jẹ́.”

Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́. Lórí ọ̀kadà ni mo ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, tí ọlọ́kadà ń wo mí nínú dígí. Ká tó dé títì, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi. Ẹ bá mi rò ó. Òògùn tí kò kan ara ẹnikẹ́ni. Nítorí kí iyì ọkùnrin kan má bàa wọmi, gbogbo ìdílé fi òògùn ṣe èèwọ̀, ọmọ mi sì fi ọkàn rẹ̀ san án. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ nílé tiwa, àwọn àgbà pọ̀ lọ́jà, orí ọmọ sì ń wọ́ lọ.

Mi ò padà lọ jíròrò pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún bàbá Àbẹ̀kẹ́ pé à ń lọ fún àyẹ̀wò. Kì í ṣe irọ́, àyẹ̀wò ni. Ní ọsibítù, wọ́n kán òògùn náà díẹ̀ sí awọ apá Àbẹ̀kẹ́, wọ́n fi nǹkan ṣóńṣó gún ojú ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, a sì dúró. Awọ náà ò yí padà. Wọ́n fún un ní díẹ̀ mu, a tún dúró. Ni ọmọ bá di ikùn mú, ó ní, “Màámi, inú mi ń rú.” Gbogbo ohùn Àlájà pátá ló ń dún létí mi. Mo dìde kí n fa ọmọ mi jáde. Dókítà wo ètè rẹ̀, ó wo ahọ́n rẹ̀, ó gbọ́ àyà rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jókòó, màmá. Inú ló rú, kò jẹun dáadáa kó tó wá.” Wọ́n fún un ní bisikíìtì. Kò pẹ́ tó fi ń fi fóònù mi wo àwòrán.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa wá fún un ní abẹ́rẹ́ gan-an, nọ́ọ̀sì fà á, ó gbé e sókè, ó tẹ omi díẹ̀ síta. Mo ń wo ojú ọmọ mi. Ojú náà yí. Mo ké pé, “Ẹ dá a dùbúlẹ̀!” Wọ́n gbà á mú, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kò sì pẹ́ tó lajú tó ń bèèrè pé ṣé wọ́n ti gún un tán. Wọn ò tíì gún un. Èmi tí mo ti tú àṣírí náà fún dókítà, láìdárúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún mi, mi ò lè wojú rẹ̀. Ó ní, “Màmá, ó jogún nǹkan lóòótọ́.” Bí wọ́n ṣe gún ọmọ náà nìyẹn, lórí ìdùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ sí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ mi. Ó tiro délé. Kò sí ohun mìíràn tó ṣe é.

Ọmọdé ò mọ ohun tó ń pa àgbà. Àbẹ̀kẹ́ dé ilé, ó ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ fún bàbá rẹ̀ pé òun dákú nítorí abẹ́rẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé Challenge, níbi tí Àlájà kọ́lé sí. Wọ́n pe ìpàdé. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, mo dìde, mo jókòó.

Àlájà ní, “O jókòó? Kúnlẹ̀ kí o bẹ àwọn bàbá. Ọmọ dákú bí bàbá wa ṣe dákú, ẹ̀rí wo lo tún ń wá?”

“Mo ti kúnlẹ̀ kí yín, mà. Ẹ̀bẹ̀ ni mi ò gbé wá. Ọmọ náà wà láyé, ó lọ sí iléèwé láàárọ̀ yìí.”

“Ẹnu ẹ mú bí àlùmọ́gàjí ẹ.”

“Òun ló ń gé aṣọ iléèwé àwọn ọmọ ọmọ yín, mà.”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì yára gbé e mì. Mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí dókítà bi mí. Mo ní, lọ́jọ́ tí Bàbá ṣubú, ta ló wà níbẹ̀ nínú yín? Wọ́n wo Àlájà. Àlájà wo ilẹ̀, ó ní òun ti wà nílé ọkọ nígbà náà, wọ́n sọ ọ́ fún òun ni. Mo ní ta ló sọ ọ́? Ó ní gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ìyá Kékeré wà ní igun yàrá, ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀, kò gbé ojú sókè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu obìnrin yẹn ni ìbá tán an. Mo wò ó títí. Kò sọ ọ́. Èmi náà ò sì sọ ọ́, nítorí ẹ̀jẹ́ lẹ̀jẹ́ ń jẹ́. Ohun tí mo sọ ni pé nígbà tí oṣù bá yí, màá mú ọmọ mi lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ dá mi dúró, kó lọ tẹ́ ẹní sí ẹnu géètì. Ọkọ mi dìde, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀.

Oṣù yí. Mo wọṣọ, Àbẹ̀kẹ́ wọṣọ. Bàbá rẹ̀ wà ní pálọ̀. Kò ní ká lọ, kò ní ká má lọ. Mo kí i pé ó dàbọ̀, a sì jáde. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tuntun ló wà níbẹ̀, ó sì bèèrè ìbéèrè àtijọ́ yẹn, “Ṣé òògùn kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà?” Ó ti mọ́ mi lára, mo ti la ẹnu. Ọmọ mi ló ṣáájú mi. Ó ní, “Kò sí, mà. Ó máa ń dùn mí ní ìdí, mo sì máa ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n dùbúlẹ̀ kí ẹ tó fà á.”

Ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mi ò ní pa irọ́ fún yín. Àmọ́ kò bàjẹ́ sí i, ó sì ti ń gun àtẹ̀gùn náà láìjókòó. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má wá torí ìtàn mi lọ máa dán òògùn wò nílé o. Ẹni tí ojú rẹ̀ wú rí, tí èémí rẹ̀ gé rí, kó sá fún òògùn náà, kó sì sọ ọ́ fún gbogbo dókítà tó bá rí. Àmọ́ èyí tí wọ́n kàn kà fún yín bí èèwọ̀, ẹ tú u láti ojú rírán rẹ̀. Kí ló ṣe é? Ta ló ṣe? Ta ló rí i? Ẹ gbé ìdáhùn rẹ̀ tọ dókítà lọ, kó fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi tí mo ti fẹ́ ìrànlọ́wọ́ yín nìyí. Lọ́sẹ̀ yìí, ọmọ Àlájà mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti wọn aṣọ iléèwé. Bí mo ṣe ń wọn ọrùn rẹ̀, ọmọ náà fà sẹ́yìn, ó ní ọ̀fun ń dun òun. Mo wo ìyá rẹ̀. Ó ní, “Omi iyọ̀ la fi ń fọ ẹnu rẹ̀, Àǹtí. Ẹ ṣáà mọ èèwọ̀ wa.” Mo sọ fún un kó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun á pa òun. Bí mo bá sọ ohun tí mo gbọ́ ní Apẹ̀tẹ̀ fún un, yóò lọ lónìí. Bí mo bá sọ ọ́, mo ba ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ fún arúgbó jẹ́, wọ́n sì lè má jẹ́ kó sùn sílé ọkọ rẹ̀ níkẹyìn. Èmi ti mọ apá ibi tí mò ń tẹ̀ sí, nítorí òkú tí a ń bo iyì rẹ̀ ò ní ọ̀fun tó ń dùn ún. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí mo lè gbé e gbà tí ìyá àgbà náà kò fi ní tẹ́, kó tètè sọ ọ́ fún mi. Lórí ẹ̀jẹ́ yìí ni mo ti ń wá ìmọ̀ràn. Lórí abẹ́rẹ́, mi ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.